Àwọ̀ àti Ọ̀dà Férémù Ilẹ̀kùn àti ti Fèrèsé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò ju ti káfíńtà àti akunlé lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni bí ó ṣe yẹ kí a yan àwọ̀ àti ọ̀dà fún férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé ilé wa. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹnu ni a fi ń rán akunlé níṣẹ́, orúkọ ni a sì fi ń pe àwọ̀. Bí orúkọ bá ṣì wá lọ́nà, iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá yóò ṣìnà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí àlejò bá ń bọ̀ wá sí ilé wa, ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bà lé. Férémù ni igi tàbí irin tí a tò yí ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé ká, tí a sì so ilẹ̀kùn mọ́. Èyí tí ó dábùú lókè ni àtẹ́rígbà. Àwọn méjì tí ó dúró lọ́tùn-ún àti lósì ni òpó ẹnu ọ̀nà. Ara igi tàbí irin yìí ni oòrùn, òjò àti ọwọ́ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ òní. Kí ọ̀dà tó di ọ̀ṣọ́, aṣọ òjò ni fún igi. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo igi, tí ó wo ojú ọjọ́, tí ó wo ògiri, kí ó tó wá wo ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ yóò pẹ́. Ẹni tí ó bá ti orí ẹwà bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òkú ni ó ń wọ aṣọ fún.

Ohun tí ojú mi rí ní Ìyànsàn

Ìyànsàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni a ti bí mi, níbẹ̀ ni bàbá mi sì kọ́ ilé rẹ̀ sí. Ìrókò ni ó fi ṣe férémù, pákó ni ó fi ṣe ojú fèrèsé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí ó ku oṣù kan kí ìyá wa pé ẹni ọgọ́rin ọdún, àwa ọmọ dáwó jọ láti tún ilé náà kùn. Èmi tí mo wà lẹ́yìn odi ni mo bá akunlé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Mo ní kí ó fi pupa rúsúrúsú kun gbogbo férémù. Àwọ̀ inú ìrókò tí ó ti gbó ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ó ti wà lára ilé náà láti ìgbà tí mo ti dáyé.

Nígbà tí mo dé ilé, tí ayẹyẹ ku ọjọ́ mẹ́rin, ojú mi rí nǹkan. Gbogbo férémù ti di àwọ̀ ìyeyè tí ó pọ́n, ó ń tàn yòò lójú oòrùn. Ìyá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ilé epo ni ẹ fẹ́ ṣí fún mi ni?" Mo pe akunlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pupa rúsúrúsú ni ẹ ní kí n fi kùn ún. Ṣé èyí kì í ṣe pupa rúsúrúsú ni?" Èmi tí mo ń fi èdè Yorùbá jẹun kò rí èsì kankan fọ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹlòmíràn a máa fi orúkọ náà pe àwọ̀ ìyeyè, ẹlòmíràn a sì máa fi pe àwọ̀ ilẹ̀. Èmi ni mi ò sọ̀rọ̀ dé ojú àmì.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà kúrò. Nígbà tí akunlé dé ìsàlẹ̀ òpó ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ wọlé ṣìnkún bí ẹni gún ẹ̀bà. Ikán ti jẹ inú igi náà tán. Ọ̀dà nìkan ni ó kù tí ó dúró bí igi. Kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ní ọdọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, a ó ra ọ̀dà, a ó kùn ún lé ti èṣí lórí, a kì í ha á, a kì í wo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òpó yìí ni ó gbé ilẹ̀kùn onírin tí ó wúwo gan-an, èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ ìyá mi máa ń rọ̀ mọ́ ṣeré. Mo dúró, mo ń wo ojú ihò náà, àyà mi sì já. Àṣìṣe àwọ̀ ni ó kó wa yọ nínú ewu igi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn káfíńtà, àwọn akunlé àti nínú ìwé. Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni n ó tẹ̀lé: àṣìṣe tí ó wà nínú orúkọ, àti àṣìṣe tí ó wà nínú igi.

Pupa mélòó ni ó wà nínú pupa?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ òpómúléró orúkọ àwọ̀ nínú èdè wa: dúdú, pupa, funfun. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá wọn rìn ni dú, pọ́n àti fun. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọsàn pọ́n, tí a fi ń pe ẹlòmíràn ní adúmáadán, tí a sì ń pe ẹlòmíràn ní apọ́nbéporé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kárí fẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, ilẹ̀ pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n náà sì pupa. Òkìtìpupa tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ láti ara òkìtì ilẹ̀ pupa. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà tí yóò rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ rí bí ẹ̀jẹ̀. Bákan náà ni dúdú ń kárí èédú, aṣọ aró àti igbó tí ewé rẹ̀ ṣú.

Ní 1969, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà méjì, Brent Berlin àti Paul Kay, tẹ ìwé kan jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè. Wọ́n ní kò sí èdè tí kò ní ọ̀rọ̀ fún dúdú àti funfun, àti pé bí èdè kan bá ní ọ̀rọ̀ kẹta, pupa ni yóò jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ìwé náà láti ìgbà náà wá. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ojú wa kò rí ju àwọ̀ mẹ́ta lọ. Ọ̀nà mìíràn ni èdè wa gbà ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ajẹmọ́-ìró tí a ń fi kún un: pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú, funfun báláú kì í ṣe funfun lásán. Èkejì ni àfiwé: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú sánmà. Ẹ̀kẹta ni orúkọ aṣọ. Bí a bá pe sányán, àlàárì àti ẹtù, kò sí aláṣọ òkè kan tí yóò gbé ọ̀kan fún wa dípò èkejì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún onílé kò le. Kí a má ṣe rán akunlé ní àwọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Kí a fi nǹkan hàn án: ewé, èérún igi, àwẹ́ aṣọ, tàbí káàdì àwọ̀ tí àwọn tí ń ta ọ̀dà máa ń ní, èyí tí nọ́ńbà wà lára àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ó kun díẹ̀ sí ibi kan kí a lè wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, nítorí pé àwọ̀ tí ó tutù lójú lábẹ́ iná ilé ìtajà lè máa ta ni lójú nínú oòrùn.

Àwọ̀ ní ẹnu ọ̀nà àwọn baba wa

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa láti fi àwọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹfun ni àwọn baba wa fi ń ṣe funfun, osùn ni wọ́n fi ń ṣe pupa, wájì tí a ń rí láti ara ẹ̀lú àti èédú ni wọ́n fi ń ṣe dúdú. Ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí wọn kàn jù lọ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú àtẹ́rígbà rẹ̀ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba tí ó jókòó sórí ìtẹ́ sí apá kan, ó gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé dé sí apá kejì, ó sì fi àwọ̀ kùn ún. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ, Ògògà kò tà á. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é. Ẹ rò ó wò bí ọba ṣe díye lé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹfun àti osùn kò lè dúró de òjò tí ń rọ̀ lé wọn lórí. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pẹ́. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil àti Kúbà padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà, náà kọ́ ilé sí Èkó pẹ̀lú fèrèsé pákó tí a ń ṣí síta. Ilé ìgbàlódé tí òrùlé rẹ̀ kúrú, tí òjò ń na ojú fèrèsé rẹ̀, ti mú ààbò yìí kúrò. Ọ̀dà nìkan ni ó wá kù tí ó ń jà fún igi.

Ohun tí ọ̀dà ń ṣe fún igi

Ìyá mi yóò pe igi ní "ugi", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é ní ẹ̀ka-èdè wa, kò sì sí ẹni tí ó ń gbé àárín igi tó wa. Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé fún ìgbà díẹ̀. Ní ìgbà òjò, igi a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, a sì wú. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn kì í fi í tì dáadáa ní oṣù Keje. Ní ìgbà ọyẹ́, omi a jáde, igi a sún kì, àlàfo a sì yọ. Ní ìbú ni igi ń wú tí ó sì ń sún kì; ní òró rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ọ̀dà kò lè dá ìwọlé-jáde omi yìí dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín ìyára rẹ̀ kù, kí igi má baà lọ́ tàbí kí ó là.

Igi kò dọ́gba. Ikán kì í tètè rí ìrókò, àpá, òpépé àti ẹkkì jẹ. Àpá tún dára ní ti pé kì í wú, kì í sì í sún kì púpọ̀. Afàrà àti arère rọrùn láti gé, owó wọn kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ikán àti òjò kì í pẹ́ pa wọ́n, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣe férémù ìta bí a kò bá fi oògùn igi rẹ́ wọn. Nínú ìrókò pàápàá, apá funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo kò lágbára bí ti inú. Ẹni tí ó bá ra pákó ìrókò tí ìdajì rẹ̀ funfun, ìdajì ìrókò ni ó rà.

Ìrókò tún ní ìwà kan tí akunlé gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ní oje kan nínú ara rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà olóròóró àti fáníìṣì tètè gbẹ. Kí a fi àkísà tí a rẹ sínú tíínà nu ojú rẹ̀ dáadáa, kí ó gbẹ, kí a tó kùn ún. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí onílé ń pariwo pé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún òun, oje igi ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra nìyí. Àkọ́kọ́, kí igi gbẹ. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ní omi inú igi kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 18 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lọ kí a tó kùn ún. Igi tútù tí a kùn yóò ti ọ̀dà jáde ní ìléròrò. Èkejì, kí a fi sánpépà fá a, kí a sì fi oògùn ikán rẹ́ ẹ, irú èyí tí gbogbo káfíńtà ń pè ní Solignum. Kí oògùn náà gbẹ pátápátá, kí a sì bi ẹni tí ó tà á bóyá ọ̀dà lè dúró lé e, nítorí òmíràn a máa yọ wá sójú ọ̀dà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pírámà. Gbogbo ojú igi ni kí a fi kùn, títí kan ẹ̀yìn tí yóò kọjú sí ògiri, kí a tó gbé férémù sí àyè rẹ̀. Pàtàkì jù lọ ni ẹnu ibi tí a ti gé igi, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń mu omi bí ẹni fi ìrèké sẹ́nu. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí ojú kò rí ni ọ̀pọ̀ akunlé ń fò, ibẹ̀ náà sì ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn pírámà ni kí a fi pọ́tì dí ihò ìṣó, kì í ṣe ṣáájú. Bí a bá fi pọ́tì sí ojú igi gbẹrẹfu, igi yóò fa òróró inú rẹ̀ mu, pọ́tì yóò sì já bọ́. Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀dà gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì, kí a sì fi sánpépà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá lórí ti àkọ́kọ́ kí a tó fi èkejì lé e. Lítà 1 ọ̀dà a máa kárí ojú igi tí ó tó mítà 10 sí 12 níbùú lóròó fún ìgbà kan.

Àkókò tí ó dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí ní ọ̀dọ̀ wa ni láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, bí eruku ọyẹ́ kò bá pọ̀. Kí a má kun férémù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kí a má sì kùn ún nírọ̀lẹ́ tí ìrì fẹ́ sẹ̀.

Dídán, àìdán àti fáníìṣì

Ọ̀dà tí ń dán, tí àwọn akunlé ń pè ní gílọ́ọ̀sì, ni ó dára jù fún férémù ìta. Omi a máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ìdọ̀tí ọwọ́ kò sì le láti nù. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í bo àṣírí: gbogbo ibi tí igi ti rí gbágungbàgun ni yóò hàn. Ọ̀dà aláìdán a máa bo àléébù, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí a máa wọ̀ ọ́ lára. Fún inú ilé, èyí tí ó wà ní àárín méjèèjì tẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n tí a fi ń kun ògiri kì í ṣe ti férémù rárá.

Fáníìṣì ni àwọn tí ó fẹ́ràn ojú igi máa ń yàn, ẹwà rẹ̀ kò sì ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa gba inú fáníìṣì kọjá bí ó ṣe ń gba inú gíláàsì, a sì máa ba ojú igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́, títí fáníìṣì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ejò. Ọ̀dà tí ó ní àwọ̀ ń dí oòrùn lọ́nà. Nítorí náà, fáníìṣì yẹ ilẹ̀kùn inú ilé àti èyí tí ó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá fi kun férémù tí oòrùn ń pa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun yóò máa tún un ṣe lóòrèkóòrè.

Irin àti alumíníọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ni kò lo igi mọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi àwọ̀ sí alumíníọ́ọ̀mù. Wọ́n lè rì í sínú ásíìdì kí wọ́n sì gba iná mànàmáná kọjá lára rẹ̀ títí ìpẹ́ tí ó le yóò fi bò ó. Bí èyí tí ó rí bí fàdákà àti èyí tí ó rí bí idẹ ṣe ń jáde nìyí. Wọ́n sì lè fọ́n ọ̀dà tí ó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú sí i lára, kí wọ́n yan án nínú ààrò. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì tútù ni ọ̀tá wọn. Bí ó bá ta sí wọn lára tí ó sì gbẹ síbẹ̀, àpá rẹ̀ kò ní lọ mọ́. Kí a má ṣí bébà tí ó bo férémù náà títí àwọn tí ń rẹ́ ògiri yóò fi parí iṣẹ́.

Ní ti irin, kí a há gbogbo ibi tí ó ti dógùn-ún, kí a fi ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà ṣe ìpìlẹ̀, kí gílọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. Ní agbègbè àwọn ará Ìlàjẹ tí ó kángun sí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ó yẹ kí a máa fi omi lásán wẹ férémù níbẹ̀ lóòrèkóòrè.

Bí a ṣe ń yan àwọ̀

Nígbà tí igi bá ti yè, nígbà náà ni ẹwà kàn. Ohun mẹ́rin ni kí a wò. Èkíní ni ooru. Dúdú a máa gba ooru oòrùn sára, funfun a sì máa dá a padà. Férémù tí ó dúdú tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn yóò gbóná gan-an, yóò sì tètè là. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, kí a fi funfun kun ẹ̀gbẹ́ inú férémù fèrèsé. Yóò da ìmọ́lẹ̀ sínú ilé láìná kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí. Ní ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa, òjò a máa ta ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ògiri àti òpó ẹnu ọ̀nà, eruku a sì máa bò wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Funfun báláú ní ìsàlẹ̀ òpó kò ní rí ọdún kan kí ó tó di nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹrin ni ìbáṣepọ̀ àwọ̀. Òrùlé, ògiri àti férémù ni àwọ̀ mẹ́ta tí ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjì nínú wọn bá ń pariwo, kí ẹ̀kẹta dákẹ́. Ògiri tí ó mọ́lẹ̀ fẹ́ férémù tí ó jìn kí ojú lè rí ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Ògiri tí ó jìn fẹ́ férémù tí ó mọ́lẹ̀.

Kí a rántí pẹ̀lú pé àwọ̀ ń ṣá. Àwọn pupa àti àwọ̀ ìyeyè kan wà tí oòrùn kì í pẹ́ fà lọ. Èyí tí a ṣe láti ara ìpẹtà irin, ohun kan náà tí ó mú kí ilẹ̀ wa pupa, wà lára àwọn tí ó ń pẹ́ jù.

Ewu òjé

N kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìkìlọ̀. Nínú ọ̀dà àtijọ́, pàápàá funfun, pupa àti àwọ̀ ìyeyè, òjé máa ń wà. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí kò léwu. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé láti 1978. Ìwọ̀n tí a ń gbìyànjú kí gbogbo orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé nísinsìnyí ni pé kí òjé má ju 90 lọ nínú 1,000,000. Àwa ní Nàìjíríà mọ ohun tí òjé lè ṣe: ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara.

Nítorí náà, bí a bá ń ha ọ̀dà ilé tí ó ti pẹ́, kí a máa fi omi rin ín kí eruku rẹ̀ má baà fò. Kí akunlé bo imú àti ẹnu. Kí a kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí a gbá gbogbo èérún rẹ̀ jọ, kí a má sì sun ún níná. Mo rántí pé ní Ìyànsàn, àwọn ọmọ ń ṣa èérún ọ̀dà ṣeré ní ẹsẹ̀ wa títí ẹnì kan fi lé wọn. Èmi kọ́ ni mo lé wọn; n kò mọ̀ nígbà náà.

Ìparí

Káfíńtà gé ìsàlẹ̀ òpó ẹnu ọ̀nà ìyá mi kúrò, ó sì fi inú ìrókò tí ó gbẹ lọ́ ọ. A tọ́jú rẹ̀, a kùn ún ní pírámà. Ní ti àwọ̀, n kò tún pe orúkọ kankan. Mo wa ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo wé e sínú bébà, mo sì gbé e lọ bá ẹni tí ń ta ọ̀dà ní Òkìtìpupa. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó po ọ̀dà pọ̀ títí ó fi bá a mu. Nígbà tí a kùn ún tán, ìyá mi fi ọwọ́ kan òpó náà, ó ní ó ti wá jọ ilé bàbá yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ wà nínú èyí fún kíláàsì yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ìgboro, kí wọ́n wo férémù 10, kí wọ́n kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́. Wọn yóò mọ bí èdè wa ṣe ní ọrọ̀ tó, wọn yóò sì mọ ilé tí ó yẹ kí wọ́n ké gbàjarè sí onílé rẹ̀.